Àwọn Tí Wọ́n Yá Orúkọ Lò: Ìtàn Sinimá Àtijọ́ Láàárín Wa

Ìtàn ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn náà dá lórí sinimá àtijọ́: fíìmù àwọn kábọ́ì lórí ẹṣin, fíìmù Tarzan nínú igbó, fíìmù àwọn ìgárá àti ọlọ́pàá ní ìlú ńlá. Ní Amẹ́ríkà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Hollywood, ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ọdún 70. Àwọn gbajúmọ̀ òṣèré inú wọn ti lọ sí ọ̀run. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń wá fíìmù wọ̀nyẹn wò. Wọ́n mọ orúkọ àwọn òṣèré náà bí ẹni mọ orúkọ ìbátan.

Ẹ lè béèrè pé: kí ni èyí kàn wá ní agbègbè Atakpamé? Ó kàn wá gan-an. Ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ńlá kan sì wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ràn ìtàn ẹlòmíràn gidigidi, ṣé yóò gbàgbé ìtàn tirẹ̀ ni, tàbí yóò kọ́ bí a ti ń sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí a wò ó pọ̀.

Kámẹ́rà dé Kamina

Gbogbo yín ni ẹ mọ Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé. Kí ogun àgbáyé kìíní tó dé, àwọn Jámánì ni wọ́n ń jọba ní Tógò. Ọkọ̀ ojú irin wọn ti ń ti Lomé wá sí agbègbè Atakpamé láti ọdún 1911. Ní Kamina, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan. Wọ́n gbé òpó irin gíga-gíga ró. Iṣẹ́ ilé náà ni láti fi ìròyìn ránṣẹ́ dé Nauen, lẹ́bàá Berlin ní Jámánì, láìlo wáyà. Ẹni tí ó ń darí iṣẹ́ náà ni Anton Codelli, tí ó ti Ljubljana ní Yúróòpù wá.

Ní ọdún 1913, ọkùnrin Jámánì kan tí ń jẹ́ Hans Schomburgk dé Tógò pẹ̀lú kámẹ́rà sinimá. Ó mú ọ̀dọ́bìnrin òṣèré kan lọ́wọ́, Meg Gehrts. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí òkè. Wọ́n ya àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé-ayé àwọn ènìyàn, wọ́n sì ya àwọn fíìmù tí ó ní ìtàn nínú. Ọ̀kan nínú wọn ni Die weiße Göttin der Wangora. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Òrìṣà Obìnrin Funfun ti Àwọn Wangora. Codelli ti Kamina pẹ̀lú lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ fíìmù yìí. Ìtàn ọmọbìnrin òyìnbó kan ni. Òkun gbé e wá sí èbúté nígbà tí ó wà ní ọmọ-ọwọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà. Gehrts kọ ìwé kan nípa ìrìn-àjò rẹ̀ ní Tógò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní London ní ọdún 1915.

Ẹ kíyè sí ọdún wọ̀nyẹn. Ọdún 1918 ni fíìmù Tarzan àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Èyí ni pé wọ́n ti ya fíìmù òyìnbó tí ó dàgbà nínú igbó Áfíríkà ní ilẹ̀ Tógò kí Tarzan tó fò láti orí igi kan sí èkejì nínú sinimá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti pín iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwòrán. Òyìnbó ni ó mú kámẹ́rà lọ́wọ́. Òyìnbó ni ó wà ní ipò iwájú. Fíìmù náà kò sì ní ohùn, nítorí pé fíìmù ayé ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀, a ń rí wọn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ní láti sọ.

Ní oṣù August ọdún 1914, ogun dé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì fúnra wọn ba ilé-iṣẹ́ Kamina jẹ́, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé.

Fíìmù akíkanjú àti fíìmù òkùnkùn

Lẹ́yìn ogun yẹn, Hollywood ni ó di olórí ilé sinimá fún gbogbo ayé. Oríṣi fíìmù wọn méjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Oríṣi kìíní ni fíìmù akíkanjú. Ohun gbogbo hàn kedere nínú rẹ̀. Akíkanjú wà, ọ̀tá wà, ewu wà lọ́nà. Ẹ wo fíìmù Robin Hood tí Errol Flynn ṣe ní ọdún 1938. Robin Hood ń gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó tí ń ni tálákà lára, ó sì ń fi í fún àwọn tálákà. Ẹ wo Tarzan pẹ̀lú, tí Johnny Weissmuller ṣe láti ọdún 1932. Wọ́n ní igbó Áfíríkà ni Tarzan ń gbé. Ṣùgbọ́n California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Oríṣi kejì ṣókùnkùn. Ẹni inú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn rere tán, kì í sì í ṣe ènìyàn búburú tán. Ó lè jẹ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ là kíákíá. Ó bọ́ sínú ọ̀ràn kan, kò sì mọ ọ̀nà àbájáde mọ́. Òru ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: òjò ń rọ̀ ní ìgboro, iná kan ṣoṣo ń tàn, òjìji gùn lára ògiri. Ní ọdún 1946, àwọn Faransé tí ń kọ̀wé nípa sinimá pè wọ́n ní film noir, èyí ni fíìmù dúdú. Dúdú ibí yìí kì í ṣe ti àwọ̀ ara. Òkùnkùn ni wọ́n ń wí, òkùnkùn ìta àti òkùnkùn inú ọkàn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí nínú fíìmù wọ̀nyí ni Edward G. Robinson. Kò ga, ojú rẹ̀ kò sì wuni bí ti àwọn akíkanjú yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa wọni lára. Ní ọdún 1931, òun ni olórí ìgárá nínú fíìmù Little Caesar. Ní ọdún 1944, ó wà nínú Double Indemnity, ìtàn ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n pa ọkọ obìnrin náà nítorí owó. Robinson ni ó tú àṣírí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé Edward G. Robinson kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Romania ni a ti bí i ní ọdún 1893. Emanuel Goldenberg ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Júù ni wọ́n. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Nígbà tí ó di òṣèré, ó yí orúkọ padà, ó sì fi lẹ́tà G sílẹ̀ láàárín nítorí Goldenberg. Billy Wilder tí ó darí Double Indemnity pẹ̀lú jẹ́ Júù láti Yúróòpù. Ó sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1933 nígbà tí Hitler gba ìjọba. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn onílé nìkan ni ó ṣe fíìmù Hollywood. Àwọn àlejò tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó tún pàdé orúkọ Robinson níwájú.

Ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi fẹ́ràn wọn

Ní àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Faransé jọba lé, ilé-iṣẹ́ Faransé méjì ni ó di òwò sinimá mú: COMACICO àti SECMA. Wọ́n di í mú títí di ẹ̀yìn òmìnira. Àwọn ni ó ń pinnu fíìmù tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Fíìmù Amẹ́ríkà àti ti Faransé ni wọ́n ń kó wá jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti gbó. Òyìnbó ni ó yàn wọ́n, fún èrè tirẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn wa fi fẹ́ràn wọn?

Ìdí kìíní ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wò wọ́n kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ń sáré kò nílò ògbufọ̀. Ẹni tí ó bá rí ojú ọ̀dàlẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ìdí kejì ni ìdájọ́. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn ènìyàn san owó orí, wọ́n ṣe iṣẹ́ tipátipá, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn. Nínú sinimá, fún wákàtí kan àti ààbọ̀, wọ́n rí aninilára tí ó gba ẹ̀san lójú gbogbo ayé.

Ìdí kẹta ni ìrìn-àjò. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi abúlé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́. Láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lọ sí oko kòkó ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Láti Niger, wọ́n lọ sí Abidjan. Ẹni tí ó bá dá wà ní ìlú ńlá lóru, tí kò ní owó, tí ọlọ́pàá ń wò ó tìfura-tìfura, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fíìmù dúdú fún un. Ó ti mọ òkùnkùn náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Àwọn ènìyàn wa lè wo fíìmù, wọn kò lè ya tiwọn. Ní ọdún 1934, Pierre Laval tí ó jẹ́ mínísítà Faransé fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn ṣe òfin kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Paulin Soumanou Vieyra, tí a bí ní Àjàṣẹ́, èyí tí í ṣe Porto-Novo, ní ọdún 1925, kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù ní Áfíríkà, wọn kò rí àṣẹ gbà. Ní ọdún 1955, Paris náà ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine, fíìmù nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ Àjàṣẹ́ rí ààyè ya fíìmù ní ilé òyìnbó, kò rí ààyè ní ilé ara rẹ̀.

Edward G. Robinson ti Abidjan

Ní àkókò kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Niger wà ní Treichville, ní Abidjan. Oumarou Ganda ni orúkọ rẹ̀. Niamey ni a ti bí i ní ọdún 1935. Ó ti ṣe sójà fún Faransé nínú ogun Indochina. Nígbà tí ó dé Abidjan, ó ń kó ẹrù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi.

Jean Rouch, Faransé kan tí ń ya fíìmù, ní kí Ganda àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe eré nípa ìgbé-ayé tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà mú orúkọ sinimá. Ọ̀kan ní òun ni Tarzan. Ọ̀kan ní òun ni Eddie Constantine, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà tí ó lókìkí ní ilẹ̀ Faransé. Obìnrin kan ń jẹ́ Dorothy Lamour. Ganda ní tirẹ̀ ní òun ni Edward G. Robinson.

Yorùbá ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí kò sí nílé. Wọ́n wo sinimá, wọ́n sì sọ ara wọn lórúkọ. Bóyá wọn kò mọ̀ pé orúkọ Robinson pàápàá jẹ́ orúkọ tí àlejò kan mú ní ilẹ̀ àjèjì. Àlejò yá orúkọ lò, àlejò mìíràn sì tún un yá.

Fíìmù náà jáde ní ọdún 1958. Moi, un noir ni wọ́n pè é, èyí ni Èmi, Aláwọ̀ Dúdú. Nígbà tí wọ́n ń yà á, wọn kò gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Lẹ́yìn náà ni Ganda wo àwòrán ara rẹ̀, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ó ti wá sọ́kàn rẹ̀. Ó sọ nípa ẹrù wíwúwo, nípa ebi, nípa ogun tí ó jà fún ẹlòmíràn láìrí èrè kan. Ẹ tún rántí fíìmù Schomburgk: a rí àwọn ènìyàn, a kò gbọ́ wọn. Níbí yìí, ẹni tí a rí náà ni a gbọ́.

Síbẹ̀, Rouch ni ó ni kámẹ́rà. Ganda kò fara mọ́ gbogbo bí fíìmù náà ti ṣe àfihàn òun. Kí ni ó ṣe? Kò jókòó máa ráhùn. Ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1968, ó ya fíìmù tirẹ̀, Cabascabo, ìtàn sójà kan tí ó ti Indochina dé. Nígbà tí owó wà lọ́wọ́ sójà náà, ọ̀rẹ́ yí i ká. Nígbà tí owó tán, wọ́n tú ká. Ní ọdún 1972, fíìmù rẹ̀ mìíràn, Le Wazzou polygame, gba ẹ̀bùn ńlá àkọ́kọ́, Ẹṣin Yennenga, níbi àjọ̀dún sinimá Áfíríkà ní Ouagadougou. Orúkọ tí wọ́n pè níbẹ̀ kì í ṣe Edward G. Robinson. Oumarou Ganda ni. Ó kú ní ọdún 1981.

Àwọn kábọ́ì Niger

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àgbà ń bẹ̀rù pé sinimá yóò ba àwọn ọmọ jẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń wo ìgárá yóò di ìgárá. Ọmọ Niger mìíràn, Moustapha Alassane, mú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ya fíìmù ní ọdún 1966. Àkọlé rẹ̀ ni Le Retour d'un aventurier, èyí ni Ìpadàbọ̀ Arìnrìn-àjò Kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé sí abúlé rẹ̀. Ó kó aṣọ kábọ́ì, akẹtẹ̀ àti ìbọn bọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì mú orúkọ kábọ́ì. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rín ni. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń jà, wọ́n ń jalè, abúlé kò sinmi mọ́. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́.

Ẹ lè sọ pé fíìmù yìí fara mọ́ ẹ̀rù àwọn àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ní apá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yà á fẹ́ràn fíìmù kábọ́ì dọ́kàn. Ó mọ bí ẹṣin ti ń sáré, bí ọ̀tá méjì ti ń wo ara wọn kí wọ́n tó fa ìbọn yọ. Ohun tí ó kọ́ lára fíìmù Amẹ́ríkà ni ó fi bá ará ilé wí. Ìfẹ́ fíìmù kò sọ Alassane di olè. Ó sọ ọ́ di olùkọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti àwọn ọ̀dọ́ inú ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn wọ aṣọ ẹlòmíràn, òun kọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, iṣẹ́ náà dé. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun darí fíìmù Àjàní Ògùn ní Nàìjíríà. Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà nínú rẹ̀. Ọdẹ ni Àjàní. Ó ń bá alágbára jìjàdù lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí wọ́n gbà. Akíkanjú wà, ọ̀tá wà, ewu wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, igbó wa ni, ìjà wa ni, èdè tí a gbọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ìtàn yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún yín. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kọ lẹ́tà sójú pátákó, ẹ sì ń tẹ̀ lé ìlà ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ jí lẹ́tà olùkọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí ẹ kọ orúkọ ara yín. Ọjọ́ yẹn ni ẹ mọ ohun tí lẹ́tà wà fún.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Ganda àti Alassane. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí fíìmù àtijọ́ kò burú. Ohun tí ì bá burú ni kí wọ́n máa wò ó títí ayé, kí ẹlòmíràn máa mú kámẹ́rà lọ́wọ́ títí ayé.

Ní ọdún 2023, Jürgen Ellinghaus, tí òun náà jẹ́ Jámánì, gbé fíìmù kan jáde tí ń jẹ́ Togoland Projektionen. Ó kó àwòrán tí Schomburgk yà padà wá sí Tógò, ó fi wọ́n hàn fún àwọn ènìyàn ní àwọn ibi tí Schomburgk ti yà wọ́n, ó sì gba ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ó gba ohun tí ó lé ní ọdún 100 kí àwòrán náà tó padà sílé, kí onílé sì tó rí i kí ó sọ̀rọ̀ lé e.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti yín pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan wà ní abúlé yín tí wọ́n wo sinimá nígbà èwe wọn, ní Atakpamé, ní Lomé tàbí ní Gánà. Wọ́n mọ orúkọ àwọn òṣèré náà. Wọ́n mọ ẹni tí ó ń tú fíìmù sí èdè wa nínú òkùnkùn kí àwọn yòókù lè gbọ́. Ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ lọ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹgbẹ́ yín

1. Ta ni ó yá orúkọ Edward G. Robinson lò ní Abidjan? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà?
2. Kí ni òfin ọdún 1934 kọ̀ fún àwọn ènìyàn?
3. Ṣé òótọ́ ni pé fíìmù ìgárá ń sọ ọmọ di ìgárá? Kí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ èrò rẹ̀ àti ìdí rẹ̀.
4. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà lé yín lọ́wọ́ lónìí, ìtàn wo ní abúlé yín ni ẹ ó kọ́kọ́ yà?